Náómì gbé ọmọọmọ mọ́ àyà
Ẹ̀kọ́ fún àwọn katekúmẹ́nì, lórí opó, òkú àti ọmọ titun



Ní Kpoulou níbí àti ní àwọn abúlé Adja-Ouèrè, a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ bá wọ ilé. Ọkọ a máa rù díẹ̀díẹ̀, owó àgbàdo àti ti epo pupa a tán sórí oògùn, aya a sì máa ṣọ́ ọ lóru títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àlejò a lọ, ilé a dákẹ́. Nígbà tí oṣù díẹ̀ bá kọjá, tí ìyàwó ọmọ bá bí ọmọkùnrin, gbogbo agbo ilé a hó yèè pé: «Baba ti dé!» Wọn a sọ ọmọ náà ní Babátúndé, wọn a sì gbé e lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Ìyá àgbà a rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ẹ̀rín náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ níwájú omi Ìrìbọmi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá. Ṣé ọkọ ni ó padà wá ni, àbí Ọlọ́run ni ó fúnni ní ẹ̀bùn titun?

1. Ẹkún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ ka Ìwé Rúùtù. Ìyàn mú ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Náómì àti Elimélékì ọkọ rẹ̀ sì kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì lọ sí ilẹ̀ Móábù. Níbẹ̀ ni Elimélékì kú sí. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ méjèèjì kú. Nígbà tí Náómì padà sí ìlú rẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe pe òun ní Náómì mọ́, bí kò ṣe Márà, èyíinì ni ìkorò (Rúùtù 1, 20). A kò pa ohùn ìkorò yìí rẹ́ kúrò nínú Ìwé Mímọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún opó pé kí ó má sunkún nítorí pé Kristẹni ni. Jésù pàápàá sunkún níbi ibojì Lásárù.

2. Àìsàn kì í ṣe ègún

Bí jẹjẹrẹ bá pa ènìyàn, ẹnìkan a ní àjẹ́ ni; nígbà mìíràn, opó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń nàka sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Jẹjẹrẹ jẹ́ àrùn ara, tí í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yà kékeré inú ara bá ń pọ̀ sí i láìní ìjánu. Zélie Martin, ìyá Tẹ̀rẹ́sà Mímọ́ ti Lisieux, ní jẹjẹrẹ ọmú. Ó lọ sí Lourdes ní oṣù Júùnù 1877 láti tọrọ ìwòsàn. Kò rí i gbà, ó sì kú ní ọjọ́ 28 oṣù Ògọ́sítì ọdún náà. Ìjọ kò wí pé ègún ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀kútọ́bà 2015, ó ka òun àti Louis ọkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹni mímọ́.

3. Ọmọ titun ni, kì í ṣe òkú tí ó padà

Rúùtù fẹ́ Bóásì, ó sì bí ọmọkùnrin. Àṣà Ísírẹ́lì fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mú kí orúkọ òkú má ṣe parun lórí ilẹ̀ ìní rẹ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wí pé òkú kan ni ó tún ayé wá. Àwọn obìnrin àdúgbò fún ọmọ náà ní orúkọ tirẹ̀, Óbédì, èyíinì ni ìránṣẹ́. Náómì gbé e mọ́ àyà, ó sì di olùtọ́jú rẹ̀ (Rúùtù 4, 16-17).

Ìjọ kọ́ wa pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó dá ọkàn olúkúlùkù (Katekísìmù, 366), àti pé ènìyàn kì í tún ayé wá lẹ́yìn ikú (Katekísìmù, 1013, Hébérù 9, 27). Ṣé orúkọ Babátúndé wá di èèwọ̀ ni? A lè sọ ọmọ lórúkọ ní ìrántí baba rere. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kí ọmọ ọwọ́ bí ẹni ń kí òkú, a ti ja ẹni méjì lólè: a gba ayé tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, a sì fi àdúrà wa du òkú. Ta ni yóò gbàdúrà fún ẹni tí ó rò pé ó ti wà lórí ẹní, tí ó ń mu ọmú? Ọkọ tí ó kú wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó yẹ kí a ṣe Mísà fún un, kí a sì tọrẹ àánú nítorí rẹ̀ (Katekísìmù, 1032, 2 Makabéù 12, 43-46).

4. Ayọ̀ a máa ṣiṣẹ́

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ rántí ìgbàgbọ́ Lóísì, ìyá àgbà Tímótì (2 Tímótì 1, 5). Bẹ́ẹ̀ ni kí ìyá àgbà kọ́ ọmọọmọ rẹ̀ ní àmì àgbélébùú, kí ó sì kọ́ ọ láti gbàdúrà fún baba àgbà tí kò rí rí. Níbẹ̀ ni ọkọ, aya àti ọmọọmọ ti ń pàdé, nínú ìdàpọ̀ àwọn ẹni mímọ́. Ní ọdún 2021, Póòpù Fransis ya ọjọ́ Ìsinmi kẹrin oṣù Júláì sọ́tọ̀ fún àwọn òbí àgbà àti àwọn arúgbó, nítòsí àjọ̀dún Jóákímù àti Ánnà Mímọ́.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má ṣe di gbogbo ẹrù lé arúgbó lórí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹni tí ó gbé ọmọ fún ìyá àgbà gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ àti oògùn fún un pẹ̀lú.

Fún àṣàrò: Òkú wo nínú ilé mi ni mo ti gbàgbé láti gbàdúrà fún?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o fi Óbédì lé Náómì lọ́wọ́, tu àwọn opó wa nínú. Fi ìsinmi fún àwọn ọkọ wọn, bùkún àwọn ọmọọmọ wọn, kí o sì mú wa dé ọjọ́ àjíǹde ara tí a ó jẹ́wọ́ níbi Ìrìbọmi wa. Nípa Krístì Olúwa wa. Àmín.