Ta Ló Ni Ẹran Abẹ́ Òkun?

Ohun tí òfin bá gbà wá láyè láti ṣe, ṣé dandan ni kí a ṣe é? Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ létí òkun kan ní Seattle, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2012.

Cove 2 ni wọ́n ń pe ibẹ̀, lápá Alki. Àwọn òmùwẹ̀ kì í wá ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀. Wọn a gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, wọn a fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ohun tí púpọ̀ wọn ń lọ wò ni octopus ńlá: kò léegun, ó lọ́wọ́ mẹ́jọ, ó lọ́kàn mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà bí aró. Ó lè fẹ̀ ju ènìyàn lọ, síbẹ̀ inú ihò òkúta ló ń sá pamọ́ sí. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Á jókòó tì wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò ní jẹun, títí wọn óò fi pa. Lẹ́yìn náà, ikú ló kàn. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀ ná.

Ní October 31 ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ omi, ó bá ọ̀kan jìjàkadì, ó wọ́ ọ jáde, ó sì lọ jẹ ẹ́. Àwọn òmùwẹ̀ tó rí i fárí gá. Ṣùgbọ́n òfin gbà á láyè láti mú ọ̀kan lójúmọ́. Kò jalè.

Ẹlòmíràn á ní, "Àwọn tó ń bínú yẹn, ṣebí wọ́n ń jẹ ẹja?" Òótọ́ ni. Èmi náà ń jẹ ẹ́, n kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Òṣogbo: a kì í pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ará ìlú kan náà ń ra ẹja lọ́jà, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní alágàbàgebè. Ibìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Ní Cove 2, kò sí òrìṣà, kò sí àwòrò. Àfi ojú tó ń wò. Ojú lásán lè sọ nǹkan di èèwọ̀ bí? Lójú tèmi, ó lè ṣe é. Ohun tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń wò, wíwò kì í dín in kù. Ẹnìkan ṣoṣo jẹ ẹ́, ó tán fún gbogbo wọn.

Lọ́dún 2013, ìpínlẹ̀ Washington fòfin de mímú octopus níbi méje tí àwọn òmùwẹ̀ ń lọ. Mo fara mọ́ ọn. Ibi tó ti ń ká mi lára ni pé òfin náà kò ju ibi méje yẹn lọ. Abo tó ń ṣọ́ ẹyin nínú ihò tí òmùwẹ̀ kankan kò dé rí, ebi kan náà ló ń pa á.