Igi Tí A Kò Mọ Oríkì Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ kan ti gbòde láàárín àwa oníṣẹ̀ṣe tó wà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní sáyẹ́ǹsì ti wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé igi ń bá igi sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, pé ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ láéláé ni òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra. Ní 1997, Suzanne Simard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé èròjà kábọ́ọ̀nù ń ti ara igi kan bọ́ sí ara igi mìíràn tí kì í ṣe irú rẹ̀, ó sì jọ pé okùn olú tín-ín-rín tó so gbòǹgbò wọn pọ̀ ló ń gbà kọjá. Ní 2023, àwọn onímọ̀ mìíràn, tí ọ̀kan nínú wọn wà lára àwọn tó kọ ti 1997, ní ohun tí aráyé ń sọ nípa okùn yìí ti pọ̀ ju ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lọ. Bá a bá gbé òrìṣà wa ka orí ìwé 1997, ta ni yóò bá wa sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ọ̀sanyìn ò retí ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Farmers Branch níbí ni live oak, igi abòji tó wà ní àgbàlá ilé àti ẹ̀gbẹ́ títì. Ti èyí ò ní iyèméjì nínú: gbòǹgbò wọn so kọ́ra, ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ hù láti orí gbòǹgbò kan náà. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní oak wilt, irú olú kan tó ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Ó ti wọ agbègbè Dallas. Tó bá ti mú ọ̀kan, gbòǹgbò yẹn náà ló ń gbà dé ara èkejì, dé ẹ̀kẹta. Àwọn Texas A&M Forest Service ń kọ́ni pé kí wọ́n gbẹ́ yàrà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ó kéré tán, láti gé gbòǹgbò láàárín igi tó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le. Wọ́n ní kí á má gé ẹ̀ka láti Èrèlé sí Òkúdù, torí kòkòrò kéékèèké ń gbé àìsàn náà wá sójú ọgbẹ́ tútù; ìgbàkígbà tá a bá sì gé e, kí á fi ọ̀dà kùn ún lójú ẹsẹ̀.

Àwa tá à ń yin ìsopọ̀ bí ẹni ń yin oyin, ọ̀nà ikú náà ni o.

Nílé, Ọ̀ṣun ti fi irú rẹ̀ hàn wá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, tó hẹ́kítà 75. Èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa níbẹ̀, èèwọ̀ yẹn sì ṣiṣẹ́: igbó ṣì dúró. Ṣùgbọ́n odò kò bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, omi náà sì pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí èèyàn má mu ún. Èèwọ̀ Òṣogbo ò dé kòtò wúrà.

Nínú ilé tiwa, kí á tó já ewé, a ó kí igi, a ó sọ ohun tá a fẹ́ lò ó fún, a ó fi owó tàbí obì sílẹ̀. Àmọ́ tí mo bá kí live oak tán lóṣù Igbe, tí mo fún un lóbì, tí mo wá yọ àdá ṣán ẹ̀ka rẹ̀, kí ni mo kí i fún?

Mo ní kí á sọ ọ́ di èèwọ̀ ilé. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní rárá, pé Ifá ló ń fún ni ní èèwọ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ti onímọ̀ lè yí lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì yẹ kó yí tí ẹ̀rí bá yí. Èèwọ̀ Ifá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bá a bá pò wọ́n pọ̀, a ó ba méjèèjì jẹ́.

Síbẹ̀, pèrègún, àkòko, ìrókò, a mọ orúkọ wọn, a mọ bí a ṣe ń pè wọ́n kí wọ́n jẹ́. Live oak ńkọ́? Kì í hù nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn baba wa ò kì í fún wa. Àwọn Caddo àti Wichita tí wọ́n wà ní àríwá Texas ká tó débí mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń gbẹ́ yàrà sì mọ ibi tí ikú rẹ̀ ń gbà. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Tá ò bá bi onílé, ta la fẹ́ bi?

Ohun tí onímọ̀ ò lè sọ fún wa náà wà. Ó mọ bí yàrà ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó. Kò mọ ẹni tó yẹ ká bẹ̀ kí á tó gé ẹbí igi sí méjì, nígbà tí àwọn kan tí ara wọn ṣì le máa ṣẹ́ kù síhà ibi tí ikú wà. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, mi ò sì tíì rí ilé tó ń ṣe é.

Bàbá ò tíì gbà pé kí á pè é ní èèwọ̀. Ohun tá a jọ fẹnu kò lé lórí ni pé láti Èrèlé sí Òkúdù, a ò ní fi irin kan live oak. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló ń wọ́ ewé ògbólógbòó rẹ̀ kí tuntun tó yọ, àìsàn náà kì í sì í bá ewé ràn. Ilẹ̀ la ti ń ṣà á fún ojúbọ, lẹ́yìn tá a bá ti kí igi náà.