Ọfà Tó Ṣì Wà Lọ́wọ́

 

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà gbà pé ohun téèyàn bá ṣe á padà wá bá a, bí kì í ṣe láyé yìí, á jẹ́ nígbà tó bá tún ayé wá. Karma nìyẹn. Ṣé kò wá sóhun tá a lè fúnra wa yàn mọ́ ni?

Àwọn olùkọ́ wọn máa ń fi tafàtafà ṣàpèjúwe. Àwọn ọfà kan wà nínú apó: sanchita. Ọ̀kan ti fò lọ, kò ṣeé dá padà: prarabdha, ìpín tá à ń jẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀: agami. Ibi tó máa ta á sí, òun ló máa yàn án.

Tí ìyà bá ń jẹ aládùúgbò wa, ẹnu wa kì í pẹ́ sọ pé, "Àfọwọ́fà ẹ̀ ni." Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù náà béèrè ẹni tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú. Jésù ò dá ẹnì kankan lẹ́bi. Ṣe ló la ojú ẹ̀.

Ará, ohun tó fa ìyà ẹni yẹn lè má yé wa láéláé. Ṣùgbọ́n ohun tá a bá ṣe sí i lónìí, tiwa nìyẹn.