Ọwọ́ Ọmọdé àti Pẹpẹ Agboolé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Pẹpẹ tí àwọn baba wa ní lọ́kàn nínú òwe yìí kò ju ibi gíga tí a ń gbé ẹrù lé nínú ilé lọ. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1884, tí Samuel Àjàyí Crowther sì jẹ́ aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀, pẹpẹ kan náà ni a ń kà fún ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń rúbọ sí Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni àwọn oníwàásù ti mú un tí wọ́n fi ń pe àdúrà tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ ń gbà nílé ní pẹpẹ ẹbí. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, òwe yẹn ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ǹjẹ́ ọwọ́ ọmọdé tó pẹpẹ yìí? Bí kò bá tó o, ta ni ó gbé e ga bẹ́ẹ̀?

Ilé olùkọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni bàbá mi yóò ti lu agogo ọwọ́. Bí a bá ti kí òun àti ìyá wa tán, a ó jókòó yípo lórí ẹní. A ó kọ orin kan láti inú Ìwé Orin Mímọ́, a ó ka Bíbélì ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu kálukú, bàbá yóò ṣe àlàyé díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àdúrà gígùn yóò tẹ̀ lé e. Orí ẹní yẹn ni mo ti mọ ìwé Yorùbá kà. Iṣẹ́ tí mo ń jẹun lórí rẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, n kò lè sí lára àwọn tí ń pe àdúrà òwúrọ̀ ní ìyà. Síbẹ̀, n kò gbàgbé bí oorun ti máa ń gbé orí wa kanlẹ̀, tí àmín wa sì máa ń jáde níbi tí kò yẹ.

Kì í ṣe ẹ̀sìn Kristẹni ni ó kọ́kọ́ kó ọmọ jọ síwájú òbí ní òwúrọ̀. Kí ó tó dé ni ọmọ tí a kọ́ ti ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí bàbá àti ìyá rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí àwọn náà sì ń wúre fún un pé yóò dàgbà, yóò dògbó, kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun kan wà nínú ìwúre tí mo fẹ́ kí a kíyè sí: ire ni a ń wú. Ìbáwí ní àyè tirẹ̀, ìwúre sì ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Òbí tí ó mọ iyì ẹnu ara rẹ̀ kò ní yọ obì àti ọfà fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kọ́ yìí ni èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àṣà gbàgbé nínú ilé ara mi. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Ó gbé ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ pamọ́, ó ní wọn kò tíì fún àwọn. Mo rí ìwé náà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo bá a wí ní alẹ́, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí gbogbo wa kúnlẹ̀, tí a di ojú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run kí ó dárí ji òpùrọ́ kan tí ó wà láàrin wa, kí ó má jẹ́ kí ó ba orúkọ ilé jẹ́, kí ó má jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ̀ kọ́ ìwà rẹ̀. Mo pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo parí, gbogbo ilé ṣe àmín, àfi òun. Láti ọjọ́ náà, ó ń wá sí ibi àdúrà, ó ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe àmín mọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ni ó la ojú mi. Nígbà tí mo ń gbé e lọ sí ilé-ìwé, ó ní, “Dádì, ṣé Ọlọ́run ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yẹn ni, àbí Bọ̀ọ̀dá?” N kò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìbéèrè náà wò. Bí a bá dojú kọ Ọlọ́run ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọmọ ni ọ̀rọ̀ wa ń lù, ta ni a bá sọ̀rọ̀? Mo gbà pé a kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ. A sọ Ọlọ́run di pàṣán, a sì sọ ọmọ di ọ̀daràn tí kò lè fọhùn, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọdé já lu àdúrà bàbá rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìgbẹ́jọ́ wo ni ó tún burú ju èyí tí a ti dì fún olùjẹ́jọ́ lójú, tí a pa á lẹ́nu mọ́, tí a sì fi orúkọ Ọlọ́run tì í?

Àwọn kan yóò sọ pé èyí gan-an ni ó fi yẹ kí a fi ọmọ sílẹ̀ títí yóò fi dàgbà, kí ó yan ẹ̀sìn tí ó bá wù ú. N kò sí lẹ́yìn wọn. A kì í bi ọmọdé bóyá ó fẹ́ wẹ̀. Ìwé Diutarónómì orí kẹfà pàṣẹ fún òbí kí ó máa kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní ìjókòó, ní ìrìn, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdìde. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú kìlọ̀ fún àwọn bàbá, nínú lẹ́tà sí àwọn ará Éfésù àti Kólósè, kí wọ́n má ṣe mú ọmọ bínú. Òbí ní àṣẹ láti pe ọmọ wá jókòó. Kò ní àṣẹ lórí àmín rẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ti di àlùfáà kí ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Síbẹ̀, 1848 ni ìyá náà tó ṣe ìrìbọmi. Ìfẹ́ ọmọ sí ìyá kò sọ ìgbàgbọ́ di ọ̀ranyàn.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi ní ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́, lójú àwọn tí ó gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ti ta àgbà mi lọ́pọ̀, pé ọmọ tí bàbá bá bẹ̀ yóò gun bàbá lórí. Èsì mi ni pé bí bàbá bá lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún Ọlọ́run tí a kò fi ojú rí, kí ni ó ń dí i lọ́wọ́ láti jẹ́wọ́ fún ẹni tí ó kúnlẹ̀ tì í? Ọmọ náà kàn wí pé, “Kò burú, sà.” Kò ṣe àmín ní ọjọ́ náà.

Mo gé àdúrà mi kúrú, mo sì ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan máa gbàdúrà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ọmọkùnrin yìí tó gbà. Àdúrà rẹ̀ kò gùn: ó ní kí Ọlọ́run ran òun lọ́wọ́ nínú ìṣirò, nítorí òun kì í gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, ẹ̀rù sì ń ba òun láti sọ ọ́ nílé. Gbogbo ìbéèrè tí mo bi í ní alẹ́ ọjọ́ tí mo rí ìwé náà kò yọ ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ni ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí ó mú ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde fún wa. Àmín tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn àdúrà náà, tèmi ni.