Ìdí-igi tàbí Orí-ó-jorí: Ọ̀rọ̀ lórí Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀

Bàbá kan kú, ó fi oko kòkó sílẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ni ó ní: èkíní bí ọmọ márùn-ún, èkejì bí mẹ́ta, ẹ̀kẹta bí ọmọ kan ṣoṣo. Báwo ni a ó ti pín oko náà? Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa là sílẹ̀. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́ta ni a ó pín in sí, ọmọ kan ṣoṣo ti ìyàwó kẹta yóò sì gba iye tí àwọn márùn-ún ti ìyálé yóò jọ pín láàrin ara wọn. Bí a bá pín in ní orí-ó-jorí, ọ̀nà mẹ́sàn-án ni, olúkúlùkù á sì mú ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé ẹbí dé ilé ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní Èkó, adájọ́ àkọ́kọ́ wí pé orí-ó-jorí ni ó bá ẹ̀tọ́ mu láyé òde òní. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ yí i padà ní 1958, nígbà tí ẹjọ́ sì dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1962, ìdí-igi náà ni wọ́n fi ọwọ́ sí.

Kí ni mo fẹ́ fi èyí wí? Mo fẹ́ fi wí pé ọ̀rọ̀ ìpín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan. Ẹni tí ó pín nǹkan dọ́gba lè ṣe àìtọ́, ẹni tí kò sì pín in dọ́gba lè ṣe ẹ̀tọ́. Ohun tí a ó kọ́kọ́ bèèrè ni pé: dídọ́gba láàrin ta ni? Ìbéèrè yìí kan náà ni ó ti ń yọ àwọn ìjọba òkèèrè lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìrànwọ́ fún àgbẹ̀. Kò sì sí irè oko tí ó fi í hàn ju bíìtì oníṣúgà lọ.

Bíìtì yìí jẹ́ irè oko ilẹ̀ tútù. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń wú, tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń fa ṣúgà inú rẹ̀ jáde. Ará Jámánì kan, Marggraf, ni ó fi hàn ní 1747 pé ṣúgà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìrèké. Ṣùgbọ́n ogun ni ó sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tí ọ̀nà òkun dí, tí ṣúgà ìrèké kò rí ọ̀nà wọ ilẹ̀ Faransé mọ́, Napoleon pàṣẹ ní 1811 pé kí wọ́n gbin bíìtì sí 32,000 hẹ́kítà ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni bíìtì ti di ọmọ tí ìjọba ń gbé pọ̀n. Ọmọ tí a bá sì ń gbé pọ̀n, a ní láti mọ ilé tí a ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Írẹ́láńdì. Ilé iṣẹ́ ṣúgà kan ti wà ní Carlow láti 1926. Ní 1933 ìjọba dá ilé iṣẹ́ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ mẹ́ta sí i, ní Mallow, ní Thurles àti ní Tuam. Tuam wà ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí oko àwọn ènìyàn kéré, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń ṣí lọ sí òkè òkun láti wá iṣẹ́. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún bíìtì ju ti ìlà oòrùn lọ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ síbẹ̀. Nítorí kí ìwọ̀ oòrùn náà lè rí nǹkan fi sẹ́nu ni. Ìdí-igi nìyẹn gan-an: ìyá kọ̀ọ̀kan, ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, èé ṣe tí ilé iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé omi ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbòǹgbò bíìtì. Ẹni tí ó bá gbé e rìn jìnnà, owó ọkọ̀ ni ó ń san lórí omi. Nítorí náà, ẹni tí oko rẹ̀ bá jìnnà sí ilé iṣẹ́, àfetígbọ́ lásán ni owó ìrànwọ́ bíìtì jẹ́ fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ kan, gbogbo àgbẹ̀ agbègbè náà ni a yọ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ọ̀lẹ àti akíkanjú. Wọ́n ti ti Tuam ní 1986, wọ́n sì ti Thurles ní 1989.

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ṣúgà wọn ní 1968, ìdí-igi ni wọ́n tún lò: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní iye ṣúgà tí ó lè tà ní owó gíga tí ìjọba dá sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpín bá dé inú ilé, ṣé orí-ó-jorí ni wọ́n fi ń pín in? Rárá o. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹni tí ó kó ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù wá gba ìlọ́po mẹ́wàá ẹni tí ó kó ọgọ́rùn-ún wá. Èyí kì í ṣe ìdí-igi, kì í ṣe orí-ó-jorí. Ọ̀nà kẹta ni, tí mo lè pè ní ìpín bí-agbọ̀n-bá-ṣe-tó. Ẹni tí ó gbé agbọ̀n ńlá wá ni a ń bu púpọ̀ fún.

Àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀nà yìí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ìka kò dọ́gba, pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ jù ni kí ó jèrè jù. Òótọ́ ni bí ó bá jẹ́ pé owó ọjà ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni èrè iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìrànwọ́. Ọjà ti san owó iṣẹ́ fún un ná. Ohun tí a fi lé e lórí wá láti àpò ẹlòmíràn, láti ọwọ́ obìnrin tí ó ra ṣúgà sí tíì ọmọ rẹ̀. Bí a bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ pé a fẹ́ ran aláìní lọ́wọ́, tí a sì gbé èyí tí ó pọ̀ jù fún olówó, orúkọ wo ni a ó pe èyí?

Ní 2006, ilé náà fẹ́rẹ̀ wó. Wọ́n ní kí owó ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti €631.9 sí €404.4 lórí tọ́ọ̀nù kan, wọ́n sì fi €730 lọ ẹnikẹ́ni tí ó bá yọ̀ǹda tọ́ọ̀nù kan nínú ìpín rẹ̀. Írẹ́láńdì yọ̀ǹda gbogbo tirẹ̀, nǹkan bí 199,000 tọ́ọ̀nù. Wọ́n ti Carlow ní 2005, Mallow sì tẹ̀lé e ní 2006. Ìgbà náà ni àríyànjiyàn dé: ta ni ó ni ìpín náà, ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni, tàbí àgbẹ̀ tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ wú bíìtì? Òfin ní kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ ti àgbẹ̀ àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wọn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá! Àwọn tí a tìtorí wọn dá ètò sílẹ̀ wá di ẹni tí ń jà fún èérún orí tábìlì.

Ní 2017 wọ́n mú ìpín orílẹ̀-èdè kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n láti 2015, mọ́kànlá nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà, Pólàńdì, Ítálì àti Sípéènì wà lára wọn, ti ń san owó lórí ilẹ̀ tí a bá gbin bíìtì sí. Faransé àti Jámánì, tí ilẹ̀ wọn dára fún un, kò san án. Àgbẹ̀ ilẹ̀ rere ń kùn pé a fi owó gbé aláìlera dìde láti bá òun du ọjà. Àgbẹ̀ ilẹ̀ líle dá a lóhùn pé bí a bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún alágbára nìkan, ìlú òun yóò di ahoro. Àwọn méjèèjì kò purọ́.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí kò sí nínú àgbàlá rárá nígbà tí a ń pín in. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí níbẹ̀, oko ìrèké ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lo agbára wọn sí. Ní 1884, nígbà tí ṣúgà bíìtì tí àwọn ìjọba ń ràn lọ́wọ́ kún ọjà ayé, owó ṣúgà wó lulẹ̀. Ní 1886 ni oko ẹrú parí ní Kúbà. Ọjà tí ó ti wó ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira bá pàdé. Ní 1975, ní Lomé ní ilẹ̀ Tógò, Yúróòpù ṣe àdéhùn láti máa ra nǹkan bí 1,300,000 tọ́ọ̀nù ṣúgà ìrèké lọ́dọọdún lọ́wọ́ Mọ́rísì, Fíjì, Jàmáíkà àti àwọn mìíràn ní owó gíga. Ó ran àwọn yẹn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Brasil, Ọsirélíà àti Táílándì tí kò sí níbẹ̀ pe Yúróòpù lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre ní 2005. Àdéhùn náà parí ní 2009. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí wá ni ìdájọ́ mi? N kò bú ìdí-igi. Ọmọ kan ṣoṣo náà ni yóò dá ru ẹrù ilé ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbègbè tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo mú ró. Nítorí náà, láàrin agbègbè àti agbègbè, ẹ jẹ́ kí a wo ẹrù tí olúkúlùkù ń rù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpín bá wọ agbègbè, orí-ó-jorí ni kí a lò, kí ó sì ní gbèdéke, kí agbọ̀n ńlá má baà gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ń pín bèèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀: ta ni ó wà lẹ́yìn ògiri tí ń san owó oúnjẹ yìí?

Ilé ẹjọ́ lè sọ ìpín tí ó bá òfin mu. Èyí tí ó bá ẹ̀tọ́ mu, ojú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni a ti ń kà á.