Ta Ló Ni Ọdún SS3?

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ wọn. Kí ni tíṣà wá ṣe? Ó ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó di ọmọ iléèwé. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn bàbá wa ṣì ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: òṣùwọ̀n yẹn kò bi ọmọ bóyá ó mọ ABD. Ara ọmọ ló ń wò, bóyá ó ti tó gbé ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé kà á.

Lónìí, a ti ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìjà náà kò sì tíì tán. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Tahir Mamman, tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà náà, ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kó tó wọ yunifásítì. Ariwo sọ. Kí ọdún náà tó parí, Tunji Alausa tó gba ipò rẹ̀ ti dá a padà sí 16. Gbogbo ariwo yẹn, iye ọdún ni wọ́n ń kà. Ìbéèrè tó wà nílé kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè ilé nìyí. Ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n, ní Ìdóàni, ẹ ó rí ọmọ SS2 tó ń ṣe GCE, ìdánwò tí WAEC gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò sí níléèwé mọ́. Ó tún gba fọ́ọ̀mù JAMB. Bí krẹ́díìtì márùn-ún bá ti pé, ó dìgbà fún SS3. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀, àbí kò dára?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba, Ọ̀wọ̀, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ọmọ mi, bí o bá lè fò ó, fò ó. Owó iléèwé ọdún kan kì í ṣe kékeré. Àbúrò rẹ méjì ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Mo gbọ́, Màmá. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Máàkì mi ò tó o, kọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n fún mi."

"Gbà á bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ṣáà ni."

Ta lẹ fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀? Èmi ò lè dá ìyá lẹ́bi. Ó mọ̀ pé ìjọba ń fi ọdún ọmọ ṣòfò: lọ́dún 2022 nìkan, ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún kò ní sin ìlú lábẹ́ NYSC mọ́, àti pé ìwé ìpolówó iṣẹ́ máa ń kọ iye ọdún tí wọn ò fẹ́ kéèyàn jù lọ. Ọdún tí ìyẹn ń kó pamọ́, ó ń kó o pamọ́ de olè ni. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti bàbá olówó tó fẹ́ lè máa wí lóde ìnáwó pé ọmọ òun wọ yunifásítì ní ọdún 15. Ọ̀kan ń sá fún ebi, èkejì ń ra ìyìn. Ọdún tí àwọn méjèèjì sì ń ná, ọdún ọmọ ni.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní afárá. Ọmọ tó ṣì wà ní háì sukúù lè gba kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tàbí méjì láì kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá yege, wọ́n lè kà á mọ́ dìgírì rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí kò bá bá a lára mu, ilé ló padà sí. Tiwa kò ní afárá, fífò ni: o wà níhìn-ín tàbí o wà lọ́hùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé "ṣé ọmọ náà ti tó?" nìkan kò tó bi. Ọmọ ọdún 15 lè gbọ́n ju èmi tí mò ń kọ èyí lọ. Ohun tó yẹ ká bi ni pé: bó bá ṣubú, ṣé ọ̀nà wà tó lè gbà padà? Ẹni tí kò tíì dàgbà tó láti pinnu fúnra rẹ̀, kò yẹ ká bá a ṣe ìpinnu tí kò ṣeé tú.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lójú ayé. Èsì WAEC kì í kú; ọmọ lè ṣe GCE ní SS2, kó fi èsì rẹ̀ sínú àpótí, kó padà sí SS3 lọ jókòó. Kò pàdánù ohunkóhun ju owó fọ́ọ̀mù lọ. Máàkì JAMB ló ń lo ọdún kan péré, òun ló sì ń kó ìkánjú báni. Torí kó má baà ṣòfò, ọmọ a gba kọ́ọ̀sì tí kò fẹ́. Ẹ bi àwa tí à ń ka Yorùbá. Kò sí ọ̀sẹ̀ tẹ́nì kan ò ní bi mí pé, "Ṣé JAMB ló fún ẹ ni?" Èmi fúnra mi ni mo yàn án o! Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ló wà ní kíláàsì tó jẹ́ pé wọ́n kàn gbé wọn síbẹ̀ ni.

Ní ti ìbẹ̀rù pé ẹni tó bá pẹ́ ti pàdánù, ọmọ Ọ̀wọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n bí Adékúnlé Ajáṣin lọ́dún 1908. Ọdún 1943 ló tó wọ Fourah Bay College, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún 35. Ó padà wá di ọ̀gá iléèwé ní Imade College, Ọ̀wọ̀, ó wà lára àwọn tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 1979. Yunifásítì Àkùngbá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́.

Èmi ò sọ pé kí gbogbo ọmọ dúró. Ẹni tó ti mọ ibi tó ń lọ, tó rí ọ̀nà rẹ̀ gbà, kó máa lọ. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò ní SS2, bẹ́ ẹ bá délé nígbà ọlidé, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ kà kí ẹ tó bi í ní iye krẹ́díìtì. Kẹ́ ẹ sì bá Màmá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn náà ń sá fún nǹkan kan ni.