Ẹ̀fẹ̀, Ìsínjẹ àti Ohùn Apu

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tó sún mọ́ra, tí ọmọlúàbí kì í sì í dà pọ̀: ẹ̀fẹ̀ àti ìsínjẹ. Ẹ̀fẹ̀ ni àwàdà tí ẹni tí a fi ṣe é náà lè bá wa rín. Bó bá tilẹ̀ ta á lára, ìwà rẹ̀ la bá wí. Ìsínjẹ kò bá ìwà kankan wí. Bí ènìyàn ṣe ń fọhùn àti bó ṣe ń rìn ni asínnijẹ ń fara wé, kí àwọn mìíràn lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

Ní 1990 ni Apu, oníṣọ́ọ̀bù ọmọ Íńdíà, kọ́kọ́ yọjú nínú The Simpsons, eré kátúùnù tó ń fi ìgbé ayé ìdílé Amẹ́ríkà ṣẹ̀fẹ̀. Hank Azaria, aláwọ̀ funfun ọmọ New York, ló ń fọhùn fún un. Azaria fúnra rẹ̀ sọ pé lára ibi tí òun ti mú ohùn náà ni Peter Sellers, òṣèré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kun ojú ṣe bí ọmọ Íńdíà nínú fíìmù The Party ní 1968. Ìsínjẹ tí a tún sín jẹ ni.

Àwọn tó ń gbèjà eré náà ní kò sẹ́ni tí kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Willie ará Scotland inú eré náà ńkọ́? Wọ́n ní Apu mọṣẹ́, ó kàwé débi ọ̀mọ̀wé, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí Willie yóò rí ọ̀pọ̀ ará Scotland mìíràn tí kò jọ ọ́. Fún ọdún púpọ̀, Apu fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ Íńdíà kan ṣoṣo tí ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá dá nìkan ṣojú ìran rẹ̀, gbogbo ìran ní í pín nínú ẹ̀sín rẹ̀.

Ní 2017, aláwàdà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Íńdíà, Hari Kondabolu, gbé fíìmù The Problem with Apu jáde, ó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dùn ún. Èsì dé ní oṣù kẹrin 2018. Lisa, ọmọbìnrin tó máa ń gbèjà ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ nínú eré náà, ni wọ́n fi sí lẹ́nu: ohun tí wọ́n ń yìn láyé àná ti di ohun burúkú lónìí, kí la lè ṣe? Ó sì wo fọ́tò Apu. Lójú tèmi, èyí burú ju ìsínjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Àìmọ̀ lè wà nínú ti 1990. Ẹni tó fara gbá a ti sọ tẹnu rẹ̀ kí ti 2018 tó wáyé.

Azaria gba ọ̀nà mìíràn. Lóṣù kan náà, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Stephen Colbert, ó ní òun ṣe tán láti fi Apu sílẹ̀, àti pé ó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé ọmọ Íńdíà wà níbi tí wọ́n ti ń kọ eré náà. Ó fi í sílẹ̀ ní 2020, ó tọrọ àforíjì ní 2021. Ó sọ pé òun bá àwọn ọmọ Íńdíà sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé ọmọ òun. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 17, kò wo The Simpsons rí, síbẹ̀ ó mọ ohun tí Apu túmọ̀ sí: èébú ni. Kí wọ́n tó bí ọmọ yìí ni wọ́n ti ṣẹ̀dá èébú rẹ̀ dè é. Ibi tí fífi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí àgbàlagbà jókòó ti ọmọdé, kó sì bi í bó ṣe rí lára rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2020, àwọn tó ń ṣe eré náà kéde pé aláwọ̀ funfun kò ní fọhùn fún ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun mọ́. Carl, aláwọ̀ dúdú inú eré náà, rí ohùn tuntun gbà lẹ́nu Alex Désert. Apu kò rí tirẹ̀ gbà. A kàn máa ń rí i fìrí láàárín èrò ni, kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọn kò sì wá èyí tó jẹ́ tirẹ̀ fún un.